Eyín Ta Ló Wà Nínú Fáìlì Ìyá?

Ẹ pa ẹnu yín dé, ẹ̀yin òǹkàwé, kí ẹ fi ahọ́n ka eyín yín láti ẹ̀yìn dé iwájú. Ṣé wọ́n pé? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ìtàn obìnrin kan fún yín tí tirẹ̀ kò pé mọ́, àti ohun ìtìjú tó ṣe kó tó di pé kò pé.

Mo mọ obìnrin náà dáadáa. Ó ní kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má fi iyọ̀ sí i, kí n má sì yọ ata kúrò níbẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí, pé kí n má dárúkọ òun.

Nọ́ọ̀sì ni, ní ilé ìwòsàn eyín kan. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti fi ń dúró lápá òsì àga tí àwọn aláìsàn ń sùn gbalaja lé. Òun ló ń na irinṣẹ́ sí dókítà, òun ló ń fi ọ̀pá kékeré fa itọ́ lẹ́nu wọn, òun náà ló sì ń di ọwọ́ wọn mú nígbà tí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Kò ní dùn yín," ni yóò máa sọ sí wọn létí. "Kò ní dùn yín rárá."

Bó ṣe di orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ béèrè Nọ́ọ̀sì Kò-Ní-Dùn-Yín ládùúgbò náà, ajá pàápàá yóò mú yín dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Dókítà tilẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀, ó gbé e kọ́ sára ògiri ní yàrá tí àwọn èèyàn ti ń dúró de ìpè. Eyín rẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú nínú fọ́tò náà, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀ pé: ẸRÙ KÒ SÍ NÍBÍ.

Kò sì mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ o. Lọ́jọ́ kan, káfíńtà gìrìwò kan ń gbọ̀n lórí àga.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ayùn gé igi láti àárọ̀ dalẹ́," ni Nọ́ọ̀sì wí, "ṣé abẹ́rẹ́ tín-ín-rín yìí ló fẹ́ lé yín sá?"

Gbogbo àwọn tó ń dúró níta gbọ́, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Káfíńtà wolẹ̀ ṣùn-ùn. Ẹ rántí ọkùnrin yìí o, yóò padà wá.

Ẹ̀pà yíyan ló kọ́kọ́ jí wàhálà. Nọ́ọ̀sì rún ẹ̀pà lápá ọ̀tún, nísàlẹ̀, lẹ́yìn pátápátá, nǹkan sì ta á láti eyín dé etí. Ó fi ẹnu sílẹ̀ ní yíyà fún ìgbà díẹ̀. Ó mu omi tútù lé e. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tó jẹ́ fún un. Àkokoro ni. Dókítà wà ní yàrá kejì, kò ju ẹsẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ó kù kó lọ ya ẹnu.

Kò lọ. Oṣù mẹ́rin gbáko ló fi jẹun lápá òsì. Ó fi omi oníyọ̀ yọ́ ẹnu títí, ó fi òróró kànáfùrù ra eyín náà lówùúrọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Òórùn kànáfùrù wá gba gbogbo ilé ìwòsàn.

"Ibí yìí ti ń ta sánsán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ," ni Dókítà wí. "Ọṣẹ wo lẹ fi ń fọ ilẹ̀?"

"Ọṣẹ tuntun ni, sà," ni Nọ́ọ̀sì dáhùn láìyanu púpọ̀.

Àwọn àgbà sọ pé bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ti Nọ́ọ̀sì yìí kò tilẹ̀ gbìyànjú. Ẹ̀rù ń bà á. Ẹ̀rù àga, ẹ̀rù ẹ̀rọ tó ń kùn, ẹ̀rù iná yẹn tí wọ́n ń tàn síni lójú. Ó ń bà á débi pé bó bá ń nu àga náà lẹ́yìn iṣẹ́, kì í fara tì í. Láàárín ọdún mẹ́rìnlá, kò jókòó lé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì sẹ́ni tó ṣàkíyèsí.

Ẹ wá jẹ́ kí n mú ìyá ọkọ rẹ̀ wọlé.

Ìyá ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì máa ń yangàn pé gbogbo eyín òun ló ṣì pé lẹ́nu. Bí wọ́n bá ń jẹun, á gba egungun nínú àwo ọmọ rẹ̀, á fọ́ ọ gbàù, á wá wo ojú gbogbo èèyàn yíká.

"Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí," ni yóò wí, "eyín bébà lẹ ní. Tèmi rèé, bí mo ṣe gbà á lọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá nìyí, ọ̀kan ò tíì yẹ̀."

Àwọn ará ilé a máa pè é ní Ìyá Eléyín-Pé. Orúkọ yẹn dùn mọ́ ọn ju oyin lọ. Ohun méjì ni kì í ṣe ṣá: kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà lọ́dọ̀ òun bó bá ń fọ ẹnu, kì í sì í jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹnu òun wò. Nígbà kan tí ilé ìwòsàn ń yẹ eyín òbí àwọn òṣìṣẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́, Nọ́ọ̀sì mú un lọ, wọ́n ṣí fáìlì fún un. Ìyá ní òun ń lọ mu omi. Ìgbà tí wọ́n máa rí i, ó ti wà nílé lórí bẹ́ẹ̀dì.

Fáìlì yẹn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù látọjọ́ náà. Orúkọ Ìyá ló wà nínú rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, àti nọ́ńbà fóònù ọmọ rẹ̀. Kò sí nǹkan mìíràn.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ìrora bo Nọ́ọ̀sì mọ́lẹ̀. Dókítà ti jáde lọ jẹun ọ̀sán. Àwọn aláìsàn kò tíì dé. Ó dá wà pẹ̀lú ẹ̀rọ ẹ́síréè, èṣù sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́.

Bí Dókítà bá rí fọ́tò eyín náà, á sọ bó ṣe burú tó, á dárúkọ oògùn. Kò pọn dandan kó mọ ẹni tó ni ín.

Ó ti ilẹ̀kùn. Ó fi ike fọ́tò há ẹnu, ó fa okùn bọ́tìnnì náà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Òun tó máa ń lé gbogbo ayé sẹ́yìn ògiri kó tó tẹ bọ́tìnnì, ó dúró gbọin níwájú ẹ̀rọ, ó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá fáìlì tí kò sẹ́ni tí yóò wá béèrè rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sórí ti Ìyá Eléyín-Pé.

Ta ni yóò fura? Ìyá kì í wá síbẹ̀.

Dókítà gbé fọ́tò náà sójú iná nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sì súfèé.

"Ta ló ni eyín yìí?"

"Ìyá ọkọ mi ni, sà."

"Wọ́n ń jẹun?"

"Wọ́n ń jẹ egungun, sà."

Dókítà yíjú padà wò ó. "Pẹ̀lú eyín yìí? Àkokoro ti jẹ ẹ́ dé gbòǹgbò. Wo ọyún tó ń gbárajọ sábẹ́ rẹ̀. Bó bá fi lè wú, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti eyín nìyẹn. Mú wọn wá ní Ọjọ́bọ̀, a máa yọ ọ́."

"Ṣé kò sí oògùn tí wọ́n lè kọ́kọ́ lò, sà?"

"Oògùn wo? Yíyọ ni."

"Wọn ò lè gbà, sà. Àgbà ni wọ́n, ẹ̀rù ń bà wọ́n."

"Ìwọ lo sì wà níbí," ni Dókítà wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ta ló tún mọ bí a ṣe ń lé ẹ̀rù jù ọ́ lọ?"

Kí Nọ́ọ̀sì tó délé, Dókítà ti pe ọmọ Ìyá lórí fóònù. Nọ́ńbà rẹ̀ kúkú wà nínú fáìlì. Nọ́ọ̀sì ṣílẹ̀kùn, ó bá ọkọ rẹ̀ tó dúró láàárín pálọ̀, ojú rẹ̀ le.

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi pé eyín ń dùn yín? Dókítà ní ó ti jẹrà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, lẹ́yìn pátápátá. Ó ní òun ti rí i nínú fọ́tò tí ìyàwó mi yà."

Ikọ́ gba Ìyá lójijì. Ó wúkọ́, ó wúkọ́, títí ọmọ rẹ̀ fi bu omi fún un.

Ọkàn Nọ́ọ̀sì fò sókè. Ó mọ ohun tó kàn. Ìyá á ní, "Fọ́tò wo? Ta ló ya fọ́tò?" Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa tú sí.

Ìyá gbé ife sílẹ̀. Ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó wò ó títí, láti orí dé ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ sì padà sinmi sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Ìyá wí. "A yà á."

Ẹ ò rí nǹkan! Nọ́ọ̀sì ò mọ̀ bóyá kó dúpẹ́ ni tàbí kó sá. Ó wọ yàrá lọ, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Kí ló mú kí Ìyá purọ́?

Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni àwọn obìnrin méjèèjì ti ń ṣọ́ ara wọn. Ní ọjọ́ kejì, Ìyá ń jẹ ẹran, ó sì rọra sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó mi, ṣé kò sí nǹkan tó o fẹ́ bá mi sọ?"

"Rárá o, mà. Ẹ̀yin ńkọ́? Kò sí nǹkan tí ẹ fẹ́ sọ?"

"Èmi? Kí ni n óò sọ? Ṣé ẹnu mi ni wọ́n ti fẹ́ yọ eyín ni?"

"Ẹnu yín mà ni, mà."

"Ẹn-ẹ́n. Ẹnu mi ni." Ó sì ń jẹ ẹran rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, Nọ́ọ̀sì gbìyànjú láti gba ọ̀nà ẹ̀bùrú.

"Mà, bí ẹ kò bá fẹ́ lọ, ẹ kàn sọ pé ẹ ò lọ. Àgbà ni yín. Ta ló lè fi ipá mú yín?"

"Kí n sá?" ni Ìyá dáhùn. "Ìgbà wo lo rí mi kí n sá rí?"

Nọ́ọ̀sì ronú kan ọjọ́ tí Ìyá ní òun ń lọ mu omi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé inú ilé onígíláàsì kì í sọ òkò. Ó rò ó pé òun á sọ òótọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ilẹ̀ mọ́, kò sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀ dé. Ìyá gorí àga, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé àyà. Dókítà fa abẹ́rẹ́ sókè, ó fọ́n díẹ̀ nínú oògùn náà dànù. Nọ́ọ̀sì dúró lápá òsì, àwo irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀mú wà láàárín àwo. Àwo náà ń dún ṣẹ̀kẹ̀-ṣẹ̀kẹ̀.

"Sọ nǹkan fún wọn," ni Dókítà wí. "Ọ̀rọ̀ tó o máa ń sọ."

"Kò… kò ní dùn yín, mà."

Ìyá yí ojú sí i láìmi orí. "Ṣé ó dá ọ lójú?"

Àsìkò tó yẹ kó sọ̀rọ̀ nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Eyín tó dá ṣáṣá lẹ́nu àgbàlagbà ni wọ́n fẹ́ fà tu nítorí ìbẹ̀rù tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì ya ẹnu.

"Dókítà."

"Kí ni?"

"Ìbọ̀wọ́ yín, sà. Ó dà bíi pé ó ti ya díẹ̀."

Dókítà wo ìbọ̀wọ́ tí nǹkan kan kò ṣe, ó bọ́ ọ, ó wọ òmíràn. Títí di òní, Nọ́ọ̀sì kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé òun ì bá sọ òótọ́ kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Ó wù ú kó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Kò dá a lójú.

Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Irọ́ méjì ni òótọ́ bá lọ́jọ́ náà.

Dókítà ní òun á kọ́kọ́ mi eyín náà wò. Ó ki ìka méjì sẹ́nu Ìyá, nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún, lẹ́yìn pátápátá. Ó mì í díẹ̀. Nǹkan dún pọ́! Eyín bọ́ sí Dókítà lọ́wọ́.

Ẹ̀jẹ̀ kò kán, Ìyá ò ké. Dókítà yí eyín náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ike ni, wáyà kékeré méjì ló sì fi há mọ́ àwọn tó kù.

"Eyín àtọwọ́dá," ni Dókítà wí jẹ́jẹ́. Ó gbé ojú lọ sára fọ́tò tó wà lójú iná, ó tún gbé e padà wá sórí ike tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Èyí kò ní gbòǹgbò. Gbòǹgbò eyín ta ló wá wà nínú fọ́tò?"

Ìyá dìde jókòó. Ó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì fi ọwọ́ gbá orí àga náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìyàwó mi," ni Ìyá wí, "wá jókòó. Ìwọ ló kàn."

Nọ́ọ̀sì fà sẹ́yìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ gbá tábìlì, àwo irinṣẹ́ fò lọ, ẹ̀mú balẹ̀ gbàgà. Ilẹ̀kùn ṣí. Gbogbo àwọn tó ń dúró de ìpè ti kún ẹnu ọ̀nà, ta ló sì wà níwájú wọn? Káfíńtà ni. Ó wá ṣe àyẹ̀wò rẹ̀.

Ó wo Nọ́ọ̀sì tó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó yíjú wo fọ́tò rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín lára ògiri lẹ́yìn wọn.

"Nọ́ọ̀sì," ni ó wí, ó rọra sọ ọ́ ni o, "kò ní dùn yín."

Ẹ̀rín pa àwọn tó kù. Ẹkún ló gba ẹnu Nọ́ọ̀sì. Ó jẹ́wọ́ láti orí ẹ̀pà dé orí bọ́tìnnì. Dókítà ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn olùwòran. Ó bínú, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ṣùgbọ́n ìbéèrè ló bi í.

"Ọdún mẹ́rìnlá lo ti ń wò mí. O mọ̀ pé ọwọ́ mi fúyẹ́. Kí lò ń bẹ̀rù gan-an?"

Kò sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí. Òun pàápàá kò bi ara rẹ̀. Ó wá rí i pé kì í ṣe ẹ̀mú ni òun ń bẹ̀rù.

"Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà yẹn," ni ó wí. "Eyín mi kan ń mì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin fi òwú so ó mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn. Mo ní ṣé ó máa dùn mí. Wọ́n ní kò ní dùn mí, wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ wò ó ni. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi nígbà tí wọ́n ta ilẹ̀kùn pa. Látìgbà yẹn, bí èèyàn bá ti ní kò ní dùn mí, mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣé èmi náà kọ́ ló ń pa á fún gbogbo ayé látàárọ̀?"

Ìyá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Àlàfo ti wà lẹ́nu rẹ̀, atẹ́gùn sì ń gba ibẹ̀ kọjá.

"Èmi kò ní purọ́ fún ọ. Ó máa dùn ọ́. Ó máa dùn ọ́ díẹ̀, ó máa tán. Èmi kò sì ní fi ọwọ́ rẹ sílẹ̀."

Kò sẹ́ni tó sọ irú rẹ̀ fún un rí láyé. Ó lọ sórí àga náà fúnra rẹ̀. Iná tàn sí i lójú. Ìyá jókòó lápá òsì, níbi tí Nọ́ọ̀sì máa ń dúró, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin. Ó dùn ún. Kò dùn tó oṣù mẹ́rin tó fi sá fún un.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dá, tó ń fi òwú há ẹnu, ó na ìka sí ẹnu Ìyá.

"Eyín tèmi?" ni Ìyá wí. "Ogún ọdún rèé. Egungun ò rí i ṣe o, búrẹ́dì ló kán an. Ẹ̀rù bà mí pé bí ẹ bá mọ̀ pé ọ̀kan ti lọ, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ oúnjẹ fún mi, ẹ ó máa ka ọjọ́ fún mi. Mo ti rí i pé apá òsì lo fi ń jẹun, tipẹ́. Bí ọmọ mi ṣe dárúkọ fọ́tò, mo ti mọ ẹnu ẹni tó jẹ́. Mo rò pé o ò ní jẹ́ kí n dé orí àga."

Nọ́ọ̀sì sunkún ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìyá ti mọ̀ pé bí òun bá gorí àga, àṣírí òun á tú. Ó gun orí rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ti ìyàwó ọmọ rẹ̀ má baà tú níwájú ọkọ.

Kò parí sẹ́rìn-ín o. Ọkọ rẹ̀ gbọ́ ọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. "Ìyá mi!" ni gbogbo ohun tó lè sọ, ó sì lo ọjọ́ mẹ́sàn-án láìbá a jẹun pọ̀. Dókítà já fọ́tò rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ fún un, kò sì jẹ́ kó tún dá nìkan ya ẹ́síréè fún odidi ọdún kan. Gbogbo rẹ̀ tọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n káfíńtà padà wá nígbà tí eyín tirẹ̀ náà tó yíyọ. Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ó máa dùn yín díẹ̀, sà. Mo wà níbí."

Ọkùnrin náà kò gbọ̀n. Orúkọ tí wọ́n ń pè é nísinsìnyí ni Nọ́ọ̀sì Ó-Máa-Dùn-Díẹ̀, àwọn èèyàn sì ń wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ lè máa bi ara yín báwo ni mo ṣe mọ ohun tí obìnrin yìí rò nígbà tó ti ilẹ̀kùn, nígbà tó dárúkọ ìbọ̀wọ́. Mo ní ó bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ òun. Ẹ̀rù ló ń bà mí nígbà tí mo kọ ìyẹn. Àlàfo kan wà lẹ́nu mi, nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, lẹ́yìn pátápátá, ahọ́n mi sì wà nínú rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Èmi ni. Ó dùn mí díẹ̀ láti sọ ọ́. Ìyá jókòó lápá òsì mi, ó ń jẹ egungun.